Ààbò inú aṣọ Íjíbítì àtijọ́: ibi tó wà gan-an, àti bí a ṣe lè gbé e sínú iṣẹ́ ọnà òde òní

Ìbéèrè: Aláàdìrẹ ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Nígbà tí mo rí ẹ̀wù àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Petrie, mo pinnu láti ṣe aṣọ àfikọ́ mẹ́ta fún ìpàtẹ kan. Mo fẹ́ kí ojú Horus (òrìṣà olórí àṣá), ankh (àmì ìyè, tó dà bí àgbélébùú olórí róbótó) àti yímíyímí kún gbogbo ojú aṣọ ọ̀gbọ̀ náà, kó dà bí aṣọ ààbò ayé àwọn Fáráò. Mo ti fi láfún dán ojú Horus wò, àmọ́ aró gbà níbì kan, kò gbà níbòmíràn. Ṣé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò lóòótọ́? Báwo ni kí n ṣe é tí kò fi ní di àwòrán lásán? Ṣé òótọ́ sì ni pé ọ̀kan náà ni aṣọ ààbò tiwa Yorùbá àti tiwọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin. Ẹ sì kú ìnáwó ọ̀gbọ̀, torí iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ kò kéré.

Irú aṣọ tí ẹ ń rò yẹn, tí ojú Horus àti ankh kún láti òkè délẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà fún arìnrìn-àjò afẹ́ ló ti wá. Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun tí kò ní àwòrán ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ará Íjíbítì wọ̀ láyé àwọn Fáráò. Ẹ padà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Petrie yẹn kan náà, kí ẹ wo ẹ̀wù Tarkhan (orúkọ ibi tí wọ́n ti hú u ní Íjíbítì). Àyẹ̀wò ọdún 2015 fi hàn pé wọ́n hun ún láàrin 3482 sí 3102 ṣáájú ìbí Kristi. Gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ju ìlà eérú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú híhun rẹ̀, àti àwọn ìṣẹ́po wẹ́wẹ́ tó wà ní èjìká àti apá. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ọnà ṣe. Ọ̀gbọ̀ kì í tètè gba àwọ̀. Yàtọ̀ sí aró ẹ̀lú, ìwọ̀nba àwọ̀ ló ń dúró lára rẹ̀ láìsí álọ́ọ̀mù, iyọ̀ tó ń mú àwọ̀ di aṣọ mú. Funfun sì ni àwọ̀ mímọ́ lójú wọn, pàápàá lára àwọn àlùfáà.

Àwọn àmì tí ẹ mẹ́nu kàn pọ̀ lára pósí, ògiri ibojì àti ọ̀ǹdè tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Lára aṣọ, nǹkan mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ ààbò: ibi tí ọnà wà, kókó tí wọ́n ta, àti bí nǹkan ṣe yí ara ká. Àwòrán ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá mú èyí dání, iṣẹ́ yín máa yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ya ojú Horus kiri.

Ẹ wo ẹ̀wù kan láti inú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì kan, ibojì tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter ṣàwárí ní 1922. Ọ̀gbọ̀ ni. Ọnà abẹ́rẹ́ tó yí ihò ọrùn ká àti èyí tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà para pọ̀ di ankh, orúkọ ọba sì wà láàrin rẹ̀. Ọnà mìíràn wà ní ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ya ẹranko, ewéko àti àwọn ẹ̀dá abìyẹ́. Àárín aṣọ náà ṣófo. Nígbàkigbà tí ọba bá ń wọ̀ ọ́, inú àmì ìyè ni orí rẹ̀ ń gbà kọjá. Tí ẹ bá gbé ankh yẹn kan náà sí àárín aṣọ àfikọ́, àwòrán ni. Tí ẹ bá fi ṣe ọrùn ẹ̀wù tí ènìyàn lè ki orí bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti padà sí i lára nìyẹn. (Aṣọ inú ibojì náà ti ṣú, ó sì ti gbó débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọ̀ mèremère tí ẹ ń rí nínú ìwé, àwọn tó tún un yà ló fi í síbẹ̀. Àyẹ̀wò ti rí madder pupa (aró tí wọ́n ń rí lára gbòǹgbò ewéko kan) àti aró búlúù lára àwọn aṣọ náà, nítorí náà ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ lo pupa àti búlúù.)

Ọ̀rọ̀ kókó ló kàn, ibẹ̀ ló sì dùn jù fún aláṣọ. Àwọn àmì mẹ́ta kan wà tí ẹ kò mẹ́nu kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni inú okùn, ẹní àti aṣọ ni wọ́n ti jáde. Èkíní ni sa, tó túmọ̀ sí ààbò gan-an: ẹní tí darandaran ká, tó sì dì láàrin. Taweret, òrìṣà tó ní ara erinmi, tó ń ṣọ́ aláboyún, a máa gbé ọwọ́ lé sa níwájú rẹ̀. Èkejì ni shen: okùn tí wọ́n ṣẹ́ yípo, tí wọ́n sì so ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á gùn, òun náà ló ń di férémù tó yí orúkọ ọba ká. Ẹ̀kẹta ni tyet, tí wọ́n ń pè ní kókó Isis, òrìṣà obìnrin kan: ó dà bí ankh tí apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Ọfọ̀ 156 nínú Ìwé Òkú wọn, àkójọ ọfọ̀ ìsìnkú, pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi òkúta jásípérì pupa ṣe tyet, kí wọ́n sì fi í sí ọrùn òkú lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọrùn náà tún nìyẹn. Nínú àwọn ọfọ̀ tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọdé pẹ̀lú, wọ́n a máa ta kókó, lọ́pọ̀ ìgbà méje, wọ́n a sì so ó mọ́ ọmọ lára.

Ojú Horus lókìkí ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, òun ló sì ń tà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, shen kan ṣoṣo tí ẹ fi okùn ọ̀gbọ̀ gidi so sára aṣọ sàn ju ogójì ojú Horus tí ẹ fi aró yà lọ.

Ẹ̀wù àwọ̀n tí ẹ rí yẹn wá láti Qau ní Íjíbítì, ó sì ti tó ìgbà ìran ọba karùn-ún. Ìkarahun 127 ló wà ní ìṣẹ́tí rẹ̀, tí wọ́n ń ró bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Òmíràn tó dàgbà jù ú lọ, láti Giza nígbà ọba Khufu, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Boston, Amẹ́ríkà, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 7000. Lẹ́yìn èyí tó ju ọdún 1500 lọ, àwọn ará Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ búlúù lé òkú lórí, láti àyà dé ọrùn ẹsẹ̀, pẹ̀lú yímíyímí abìyẹ́ ní àyà, àti àwọn ọmọ Horus mẹ́rin nísàlẹ̀ rẹ̀. Nut, òrìṣà ojú ọ̀run tó na ara bo òkú, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ rí nínú àwọ̀ búlúù yẹn. Ẹ kíyè sí i pé òkú dùbúlẹ̀. Àwọ̀n náà tẹ́ ni, kò rọ̀. Ìyẹn máa yọ yín lẹ́nu láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀n wà lára àwọn mẹ́ta tí ẹ fẹ́ ṣe. Fún èyí tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn ní 90, ẹ lo ìlẹ̀kẹ̀ gígùn oníhò tó jẹ́ mìlímítà 20, àti ìlẹ̀kẹ̀ róbótó mìlímítà 3 ní gbogbo oríta. Bí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.3, tó ga ní 4, ojú 26 ni yóò dúró ní ìbú. Ìyẹn ni òwú 52. Ìlà ìlẹ̀kẹ̀ gígùn 45 ló máa wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ nílò nǹkan bí 2340 ìlẹ̀kẹ̀ gígùn àti 1200 róbótó. Ẹ ra ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, torí ọ̀pọ̀ ló máa ní ihò dídí. Ẹ gé òwú kọ̀ọ̀kan ní mítà 1.7. Òwú ọ̀gbọ̀ tí ẹ fi ìda oyin pa ló dára jù.

Bí ẹ ṣe máa hun ún kò le. Ẹ so òwú méjì-méjì mọ́ ọ̀pá òkè, kí ẹ ki òwú kọ̀ọ̀kan bọ ìlẹ̀kẹ̀ gígùn kan, kí ẹ wá mú òwú ọ̀tún ti ìdì kan àti òwú òsì ti ìdì tó tẹ̀ lé e gba inú róbótó kan náà. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún pínyà. Ìlà kan tán nìyẹn. Ẹ má ta kókó ní gbogbo oríta, torí kókó kan tó bá ṣì ipò ní ìlà kẹta máa wọ́ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀; ẹ ta á ní ìlà karùn-ún-karùn-ún.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ẹnu ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì mú, ó sì ń gé òwú. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹnu wọn, èyí tó bá ń ha ọwọ́, ẹ yọ ọ́ dànù. Èkejì ni ohun tí mo ní kí ẹ kíyè sí lẹ́ẹ̀kan: bí ẹ bá gbé àwọ̀n kọ́ lásán, ìwúwo rẹ̀ máa fà á, ojú àwọ̀n á di gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, 60 sẹ̀ǹtímítà yín á sì di 40. Ẹ tẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ mú oríta kẹta-kẹta mọ́ aṣọ náà nígbà tí ó ṣì wà lórí tábìlì. Aṣọ ni yóò máa gbé ẹrù, àwọ̀n á kàn jókòó sí i lára, bó ṣe jókòó sára òkú nígbà náà.

Ní ti àdìrẹ yín, ìdí tí aró fi gbà níbì kan ni pé ọ̀gbọ̀ ọjà ní ọ̀rá àti oje igi lára, àti ohun tí ilé iṣẹ́ fi ń mú un dán. Fífọ̀ lásán kò tó. Fún kílò kan aṣọ gbígbẹ, ẹ da 20 gíráàmù sódà ìfọṣọ àti ọṣẹ díẹ̀ sí omi lítà 20, kí ẹ bọ̀ ọ́ fún wákàtí kan ó kéré tán. Omi náà máa pọ́n bíi tíì. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi kan sí aṣọ gbígbẹ: bí kò bá wọlé lójú ẹsẹ̀, kò tíì tán.

Aṣọ tó bá nípọn ju 150 gíráàmù lọ ní mítà kan níbùú lóòró kò dára fún ẹ̀kọ láfún. Ojú híhun rẹ̀ ga, ó rẹlẹ̀, láfún á kàn jókòó sórí òkè òwú, aró á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ lọ aṣọ náà kó dán kí ẹ tó fi ìyẹ́ kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ dáadáa. Rírì kúkúrú lọ́pọ̀ ìgbà ló yẹ yín, kì í ṣe rírì pípẹ́: ìṣẹ́jú kan sí méjì nínú aró, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú 15 nínú afẹ́fẹ́ kó lè dúdú kí ẹ tó tún un rì. Bó bá pẹ́ nínú omi, láfún á rọ̀, ìlà ojú Horus á sì máa ṣàn.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé wọ́n ṣe irú èyí ní Íjíbítì, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà Fáráò. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi lọ, wọ́n ń ya àwòrán sí aṣọ ọ̀gbọ̀ pẹ̀lú ohun tí kì í jẹ́ kí aró wọlé, wọ́n á rì í, àwòrán funfun á sì hàn lórí búlúù. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní ìlú Akhmim, díẹ̀ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù yín níbẹ̀. Aṣọ àfikọ́ ni wọ́n, bíi tiyín. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé àdìrẹ kò ní iṣẹ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ Íjíbítì, ẹ ní kó lọ wo ibẹ̀.

Ẹ̀wù àsìkò Kristẹni ìjímìjí yẹn, tí wọ́n ń pè ní ti Copt (àwọn Kristẹni Íjíbítì), tún fi ọ̀rọ̀ ibi tí ọnà wà hàn kedere. Ìlà méjì sọ̀ láti èjìká, ọnà róbótó tàbí onígun mẹ́rin wà ní èjìká àti orúnkún, ọ̀já sì wà ní ọrùn àti ẹnu apá. Ohun tó pọ̀ nínú wọn ni okùn tó lọ́ mọ́ra tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní òpin, ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ, àti ankh tó ti di àgbélébùú. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ọnà náà sínú ọ̀gbọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ranti pé irun àgùntàn nípọn: bí òwú òòró yín bá jẹ́ 12 ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ kó wọn pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta níbi ọnà, kó di ìdì mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọnà náà máa wú, á sì fa aṣọ tó yí i ká. Ìlà funfun tín-ín-rín tó ya okùn lílọ́ náà, òwú ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń gbé kiri lórí irun náà bí wọ́n ṣe ń hun ún. Àwọ̀ elésè àlùkò wọn sì sábà jẹ́ madder àti aró tí wọ́n pa pọ̀, kì í ṣe ti ìgbín òkun olówó iyebíye.

Ẹ gbé àmì pupa kúrò nínú iṣẹ́ láfún pátápátá. Madder ń fẹ́ omi gbígbóná, omi gbígbóná sì ń yọ́ láfún. Ẹ pa aṣọ pupa lọ́tọ̀, kí ẹ gé tyet níbẹ̀, kí ẹ sì rán an mọ́ búlúù. Fún 100 gíráàmù ọ̀gbọ̀ tí ẹ ti bọ̀: ẹ fi 10 gíráàmù tánnínì (oje kíkan inú èèpo igi) rẹ ẹ́ fún wákàtí méjì nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ gbé e sínú álọ́ọ̀mù 15 gíráàmù àti sódà ìfọṣọ 2 gíráàmù di ọjọ́ kejì, kí ẹ ṣan án, lẹ́yìn náà madder lílọ̀ 50 sí 100 gíráàmù. Ẹ máa gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá digri 70. Bó bá hó, pupa ti lọ, àwọ̀ ilẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ kí ẹ tó rán an mọ́ ohunkóhun funfun.

Bí ẹ ṣe máa rán an, ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ àgọ́ ní Cairo lẹ ó ti kọ́ ọ. Àdúgbò wọn, Khayamiya, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè Bab Zuweila, àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Wọ́n á ká bébà, wọ́n á ya ìdá kan ọnà náà sí i, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ihò tẹ̀ lé ìlà rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí bébà náà, gbogbo ọnà ti pé. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ líle, wọ́n á fi lúúlúù èédú pa á kó gba ihò wọlé. Wọ́n á gé aṣọ ọnà kó lé díẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu abẹ́rẹ́ ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú bí wọ́n ṣe ń rán an lọ pẹ̀lú ojú ìránṣọ tí kò hàn. Fún aṣọ òwú, mìlímítà 5 tó fún etí. Ọ̀gbọ̀ ń tú, ẹ fi 7 sílẹ̀. Níbi tí ọnà bá ti tẹ̀ wọnú, bíi abẹ́ apá tyet, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí náà wẹ́wẹ́ kó tó kan ìlà, kí ó lè yí.

Nínú àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú yín, mo fẹ́ kí ẹ wo iṣẹ́ àwọn ahunṣọ Harrania nítòsí Giza. Ramses Wissa Wassef, ayàwòrán-ilé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyìíká 1951 pẹ̀lú àwọn ọmọ abúlé. Òfin rẹ̀ ni pé kò sí àwòrán àwòkọ, kò sì sí àgbà tó gbọ́dọ̀ ṣàríwísí: orí òfì lọmọ ti ń ro ohun tó ń hun. Ẹyẹ, igi ọ̀pẹ àti odò ló kún iṣẹ́ wọn. Ọgbọ́n híhun ni wọ́n fi so mọ́ àwọn baba ńlá wọn. Bákan náà, ẹ wá iṣẹ́ Chant Avedissian, tí wọ́n bí ní Cairo ní 1951, tó kú ní 2018, kí ẹ wo àwọn aṣọ òwú tó gé, tó sì rán pọ̀ ní onígun-onígun.

Àṣìṣe kékeré méjì ló kù. Bí ẹ bá fi stencil (bébà tí wọ́n gé àwòrán sí láti fi tẹ̀ ẹ́) ṣiṣẹ́, tí ẹ sì yí i dà, àwọn àmì ìkọ̀wé á kọjú síbi tí kò yẹ: ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹyẹ àti ènìyàn inú rẹ̀ ń kọjú sí. Ẹ sì má da orúkọ ọba kan kọ sínú shen tí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ dáàbò bò síbẹ̀.

Ní ti pé ọ̀kan náà ni tiwa àti tiwọn, ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kan tó jẹ́rìí sí i. Gbérí ọdẹ tí ọ̀ǹdè kún ara rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ẹ̀wù Tutankhamun ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé méjèèjì pàdé nínú ìpàtẹ, kò sí ẹni tó máa dí yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí ara iṣẹ́ náà pé ẹ̀yin lẹ gbé wọn pàdé.

Ẹ má sì ra èérún aṣọ Íjíbítì àtijọ́ láti lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn oníṣòwò gé kúrò lára odindi ẹ̀wù ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òfin 117 ti ọdún 1983 sì ti fòfin de kíkó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Íjíbítì. Bí ẹ bá fẹ́ rí ògidì, yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé ọnà Whitworth ní Manchester ní púpọ̀ nínú aṣọ àwọn Copt. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn aṣọ kí ẹ tó wo iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ti kó òwú òòró pọ̀.